Dísù dà sí oko ẹ̀fọ́ mi l'Épẹ̀ẹ́, ṣé ìgbẹ́ adìẹ lè tún ilẹ̀ yẹn ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn. Ilẹ̀ kékeré tí mo fi ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti úgú l'Épẹ̀ẹ́ níbí, ẹni tó wá tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ló da dísù kẹ́ẹ̀gì kan síbẹ̀, lítà 25 gbáko, gbogbo ẹ̀fọ́ ti gbẹ, òórùn ẹ̀ ò sì tíì lọ. Ó dùn mí gan-an, ibẹ̀ ni mo ti ń rówó iléèwé àwọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n kó iyẹ̀pẹ̀ yẹn dànù, àmọ́ ibo ni mo fẹ́ kó o sí, ṣé inú ọ̀sà ni? Mo kà á pé àwọn bakitéríà kan, ìyẹn kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí, wà nínú ilẹ̀, bíi Pseudomonas, tó jẹ́ pé epo yẹn gan-an ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo sókun ní Alaska l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, fatiláísà ni wọ́n wọ́n sétí òkun kí àwọn kòkòrò yẹn lè lágbára, torí wọ́n nílò náítírójìn tí kò tó nínú epo. Wọ́n nílò atẹ́gùn náà, ìyẹn ni mo ṣe ń fọkọ́ tú ilẹ̀ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ṣé ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà lè ṣiṣẹ́ fatiláísà yẹn? Èló ni kí n dà sí i? Òjò ti ń bọ̀, ẹ̀rù ń bà mí kó má gbá dísù yẹn lọ sínú kànga àdúgbò. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ tó láti gbin ohun jíjẹ? Mi ò fẹ́ ta ẹ̀fọ́ tó máa ṣe ọmọ ẹlòmíì léṣe, ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn.