Ewé ọ̀pọ̀tọ́ fún ẹ̀jẹ̀: èèpo rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìyàwó mi bímọ lóṣù tó kọjá, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àwọn nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Ìyá mi ní tiwọn já ewé ọ̀pọ̀tọ́ wá láti oko (èyí tí èso rẹ̀ máa ń ṣù mọ́ ara igi, kì í ṣe ìpin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò o). Wọ́n ń se é bí ẹ̀fọ́. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, èmi náà jẹ ẹ́ ní kékeré.

Èèpo igi rẹ̀ tí wọ́n rẹ sómi ló ń kọ mí lóminú. Mo tọ́ ọ wò, ńṣe ló fa ahọ́n mi pọ̀. Mo sì mọ̀ pé táníìnì tó ń fa ẹnu pọ̀ bẹ́ẹ̀, irú èyí tó wà nínú tíì, kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Kí a má lọ máa da omi sínú apẹ̀rẹ̀ ajádìí!

Ṣé ẹ máa ń bọ ewé náà kí ẹ tó sè é? Ṣé ẹnikẹ́ni ń jẹ èèpo yẹn bí oúnjẹ, àbí àgbo lásán ni? Ọmọ ṣì ń mu ọmú o. Ẹ má ní kí n bi ìyá mi. “Kí wọ́n tó bí ẹ la ti ń mu ún” ni èsì wọn.