Ẹ gbà mí o, "grub rescue" nìkan ni laptop mi ń gbé wá

Ọmọ_Mókọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Windows 10 àti Ubuntu (ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows) ló wà lórí laptop mi, ààyè wá ń tán lọ́dọ̀ Windows, ni mo bá wọ Disk Management mo pa partition Ubuntu, ìyẹn apá disk tó wà, rẹ́, mo rò pé ó parí nìyẹn. Mo ní kí n tún un tàn báyìí, ojú dúdú, "error: no such partition", ó wá dúró síbi "grub rescue>". Project mi wà nínú ẹ̀ o, ṣé ó ti lọ nìyẹn?

Bàbá_Keyboard: Fọkàn balẹ̀ jàre, Windows ẹ ò lọ síbì kankan. GRUB, ètò kékeré tó ń kọ́kọ́ dìde tó o bá tan laptop, ló ń ṣílẹ̀kùn fún méjèèjì, inú ibi tó o pa rẹ́ yẹn sì ni àwọn fáìlì ẹ̀ wà, o wólé mọ́ kọ́kọ́rọ́ ni. Pa á, tàn án, máa tẹ F2, ti àwọn kan Esc tàbí F12 ni, wá ibi tí wọ́n kọ Boot sí, gbé Windows Boot Manager lọ sókè pátápátá kó o wá save.

Ìyá_Fláàṣì: Tí kò bá sí níbẹ̀, á jẹ́ pé laptop ẹ ń lo Legacy, ọ̀nà ìdìde ti àtijọ́, ni. Fi fláàṣì tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà tàn án, yan Repair, lẹ́yìn náà Command Prompt, kó o wá tẹ bootrec /fixmbr kó lè dá ọ̀nà ìdìde Windows padà. Má tẹ Install o! Ẹ̀gbọ́n mi kan tẹ̀ ẹ́, gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó ló bá a lọ.

Ọmọ_Mókọ́lá: Ẹ ṣé gan-an, F2 náà ló ṣe é, ó ti wọlé! Àmọ́ orúkọ ubuntu ṣì wà nínú list yẹn.

Bàbá_Keyboard: Jẹ́ kó wà, kò dí ẹ lọ́wọ́. Má sì lọ pa partition EFI rẹ́ torí ẹ̀ o, ibẹ̀ ni Windows fúnra ẹ̀ ń gbà dìde.