Kí ló so àwọn ọmọ Ṣáínà tó wà lẹ́yìn odi mọ́ ibojì baba ńlá wọn?

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní Ìkòròdú níbí, inú ọgbà ilé ni ọ̀pọ̀ wa ń sin òbí sí, ẹ̀gbẹ́ saàrè là ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà tí wọ́n bí sí Málésíà, Síńgápọ̀ tàbí Amẹ́ríkà ń rìnrìn àjò lọ síbi ibojì lọ́dọọdún, títí kan àwọn tí kò gbọ́ èdè náà mọ́. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Kí ló dé tí wọn ò jáwọ́?

Ará Ẹ̀pẹ́: Qingming ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà, ọjọ́ 4 tàbí 5 oṣù kẹrin ló sábà máa ń bọ́ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ṣáájú. Wọ́n á ro koríko, wọ́n á fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta, wọ́n á wá tún ọ̀dà lẹ́tà ara rẹ̀ kùn. Òkúta gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà á bó. Ẹ ṣọ́ àwọ̀ o: orúkọ ọkọ tàbí aya tó ṣì wà láyé, tí wọ́n ti fín síbẹ̀ sílẹ̀, pupa ni wọ́n ń kùn ún. Ẹni tó bá fi ọ̀dà wúrà kùn ún ti ka alààyè mọ́ òkú, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ẹ̀mí tó ni ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, ó ní òkúta kékeré tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì. Lẹ́yìn náà ni ife tíì tàbí ọtí mẹ́ta, ìrẹsì, adìẹ, èso, àbẹ́là pupa méjì, àti igi tùràrí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àwa ṣe ń da obì, owó wẹ́wẹ́ méjì ni wọ́n ń dà láti mọ̀ bóyá òkú ti jẹun tán. Kí ọ̀kan dojú dé, kí èkejì ṣíjú sókè. Bí ojú méjèèjì bá rí bákan náà, wọ́n á dúró díẹ̀ kí wọ́n tó tún un dà. Ìgbà tó bá fọre ni wọ́n tó ń sun owó bébà, ìyẹn owó àfiṣe tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òkú. Ibi tí wọ́n ti ro mọ́ ni kí wọ́n ti sun ún, torí koríko gbígbẹ ń gbaná kíákíá.

Ọmọ Àgbádárìgì: Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́ ti sọ ti iṣẹ́. Ní tèmi, ara òkúta yẹn gan-an ni ìdí rẹ̀ wà. Wọ́n máa ń kọ orúkọ abúlé tí olóògbé ti wá ní Ṣáínà sára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ orírun rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń rí i.

Láyé àtijọ́, ìsìnkú onígbà díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kú sí Amẹ́ríkà ń gbà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á hú egungun wọn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kó o sínú àpótí tó ní orúkọ àti abúlé, ó di Hong Kong. Ilé ìwòsàn Tung Wah, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1870, ló ń gbà á níbẹ̀ tó sì ń fi í ránṣẹ́ sílé. Ogun Japan àti Ṣáínà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1937 àti ìyípadà ìjọba Ṣáínà ní 1949 ló dí ọ̀nà yẹn. Bí egungun kò ṣe lè lọlé mọ́ nìyẹn, ilẹ̀ àjèjì wá di ibi tí ẹbí ní láti máa tọ́jú.

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ ṣeun gan-an. Tí ìjọba bá wá gba ilẹ̀ náà ńkọ́?

Ọmọ Àgbádárìgì: Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní Síńgápọ̀, wọ́n kéde ní 2011 pé títì máa gba inú itẹ́ òkú Bukit Brown, ibojì tí wọ́n hú sì lé ní 3,000. Láti 1998, ọdún 15 péré ni òkú ń lò nínú ilẹ̀ ní Síńgápọ̀. Tó bá pé, wọ́n á hú u, wọ́n á sun egungun rẹ̀. Ibi tí wọ́n kó eérú sí ni ẹbí á máa gbé tùràrí lọ.

Ará Ẹ̀pẹ́: Ọjọ́ gan-an máa ń yí padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣáínà ní Filipínì, ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń lọ, ọjọ́ tí àwọn Kátólíìkì ibẹ̀ ń lọ síbi òkú tiwọn.