Ta ló ti béèrè ìṣirò owó lọ́wọ́ Fadá rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àdùkẹ́ Àgùdà: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Lánàá, nígbà ìkéde lẹ́yìn Míísà, bàbá àgbà kan dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi owó ìkórè ọdún méjì ṣe. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí dùrù fi dún. Akọrin gbè é, ọ̀rọ̀ bàbá wọlẹ̀. Ta nirú ẹ̀ ti ṣe rí?

Bọ̀dá Tẹ́nọ̀: Orin wo ni wọ́n kọ?

Àdùkẹ́ Àgùdà: Orin ọpẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n 😂

Ìyá Ìbejì: Tèmi kì í ṣe ti ìkórè, ti káàdì ni. Bàbá mi kú ní 2019. Mo mú káàdì ìdáwó wọn, èyí tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sí lóṣooṣù téèyàn bá sanwó, lọ sí ọ́fíìsì ìjọ, káàdì búlúù, ó ti gbó débi pé sẹ́lótéèpù ló so ó pọ̀ láàárín. Akọ̀wé ń fi ìka ka òǹtẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka rósárì. Ó ní oṣù mọ́kànlá ò ní òǹtẹ̀. Oṣù mọ́kànlá yẹn, orí ibùsùn ni bàbá mi wà, rọpárọsẹ̀. Àwọn Légíọ̀nù, ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ, ń wá gbàdúrà fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè káàdì lọ́wọ́ wọn nígbà náà. Ó di pé ká san gbèsè kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìsìnkú fún wa. A san án. Ìgbà tá a sìnkú tán ni mo wá kọ lẹ́tà: òfin wo ló so òkú mọ́ òǹtẹ̀? Káńsù ìjọ pè mí, wọ́n ní mò ń dójú ti Ìyá Ìjọ. Alága ní ṣé mo mọ iye tí wọ́n fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀ ni? Mo ní rárá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n rí i. Ibẹ̀ lojú wọ́n ti yí padà.

Ṣẹ́gun Ọ̀yọ́: Káàdì! Ẹ má rán mi létí, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Kátíkíìsì: Inú Bíbélì ni màmá mi ń tọ́jú tiwọn sí. Wọ́n ní físà àwọn nìyẹn.

Akápò Àná: Mo ṣe akápò ìjọ fún ọdún mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kì í ṣe Fadá ló ń jẹ gbogbo rẹ̀. Ti dáyósísì, ìyẹn àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù, ń lọ, ti sẹ́mínárì tí wọ́n ti ń kọ́ fadá ń lọ, ti Róòmù ń lọ. Tẹ́ ẹ bá rí wa lọ́jọ́ Àìkú, à ń tẹ́ náírà ogún-ogún tó ti ká kò, tẹ́nì kan tiẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, títí di aago mẹ́ta. Àmọ́ ọ̀rọ̀ káàdì òkú yẹn, mi ò lè gbè é.

Dáódù L: Òfin ò gbè é náà. Nínú Kánónì, ìyẹn ìwé òfin Ìjọ Àgùdà, òfin 1184 ka àwọn tí Ìjọ lè kọ̀ láti sin: apẹ̀yìndà, aládàámọ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ paraku tí ìsìnkú rẹ̀ máa dá họ́wùhọ́wù sílẹ̀. Ajigbèsè ò sí níbẹ̀. 1181 tún ní kí wọ́n má fi ìsìnkú tó yẹ du tálákà. Ti ìṣirò owó, 1287 ní kí wọ́n jíhìn fáwọn ọmọ ìjọ lórí ohun tí wọ́n mú wá, 537 sì ní gbogbo ìjọ gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìṣúná. Láti 1983 ló ti wà nílẹ̀.

Ṣẹ́gun Ọ̀yọ́: Ta ló yan ìgbìmọ̀ ọ̀hún? Fadá. Ka 536 náà: ìmọ̀ràn lásán ni káńsù ń dá.

Àbúrò Sístà: Ẹ rọra o. Ẹ rántí dáyósísì Ahiara, ní Mbaise nílẹ̀ Ìgbò, tí wọ́n kọ bíṣọ́ọ̀bù tí Póòpù yàn fún wọn.

Bọ̀dá Tẹ́nọ̀: Mbaise borí ṣebí?

Dáódù L: Borí báwo? Oṣù Kejìlá 2012 ni Póòpù Benedict yan Okpaleke, ọmọ Anambra. Àwọn fadá àtọmọ ìjọ ní ọmọ àwọn làwọn fẹ́, ẹ̀yìn òde dáyósísì ni wọ́n ti fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 2013. Ní 2017, Póòpù Francis fún àwọn fadá ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí kálukú kọ lẹ́tà ìtúúbá. 2018, Okpaleke kọ̀wé fipò sílẹ̀. 2022, ó di Kádínà.

Àbúrò Sístà: Ẹni tí wọ́n lé ló wọ aṣọ pupa.

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn yàtọ̀ sí tiwa o. "Ọmọ wa ni" ni tiwọn. Èmi ò bèèrè ọmọ ibi tí Fadá ti wá, ìwé owó ni mo bèèrè.

Ṣẹ́gun Ọ̀yọ́: Tí wọ́n bá gbé ará Ìjẹ̀bú wá ṣe bíṣọ́ọ̀bù n'Íbàdàn, ẹ máa gbà?

Akápò Àná: Ìjẹ̀bú kẹ̀? Ìṣirò á pé nìyẹn 😂

Fẹ́mi Massachusetts: Ẹ ò tíì rí agídí. Ní Scituate, nítòsí Boston níbí, wọ́n fẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì kan pa ní 2004. Àwọn ọmọ ìjọ wọlé, wọn ò jáde mọ́. Wọ́n pín wákàtí láàárín ara wọn, tọ̀sán tòru, kí ẹnì kan ṣáà wà nínú ilé. Ó lé lọ́dún mọ́kànlá! Wọ́n pẹjọ́ dé Róòmù, wọ́n pẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, kò bọ́ sí i. Oṣù Karùn-ún 2016 ni wọ́n tó jáde.

Ọmọ Kátíkíìsì: Ẹ̀fọn á ti lé tiwa jáde lálẹ́ ọjọ́ kìíní.

Àdùkẹ́ Àgùdà: Ìyá Ìbejì, ṣé wọ́n fèsì lẹ́tà yín ṣá?

Ìyá Ìbejì: Wọn ò fèsì. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá mo rí bébà kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn sákírísítì, yàrá tí Fadá ti ń wọṣọ Míísà, ìṣirò owó ọdún náà, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀. Mo gbé jígí wọ̀, mo kà á. Epo jẹnẹrétọ̀ ló wà lókè pátápátá. Alága yẹn náà ló fọwọ́ sí i.

Bọ̀dá Tẹ́nọ̀: Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí, mà.