Èsì sí "ọtí-epo": epo ọlọ́tí ni tèmi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ, orúkọ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ fún bẹntiróò tí wọ́n bu ẹtánọ́ọ̀lù (èròjà tó ń pani nínú ọtí) sí, irú èyí tí ọkọ̀ ń jẹ ní Bràsíl: "epo ẹ̀mí-ọtí", "ọtí-epo" àti "epo àbùlà".

Ní ti "epo ẹ̀mí-ọtí", Gẹ̀ẹ́sì ló ń pe ọtí líle ní ẹ̀mí ("spirit"). Lọ́dọ̀ tiwa, mọ́ínmọ́ín nìkan ni mo mọ̀ tó lẹ́mìí, méje gbáko. "Ọtí-epo" náà forí sódì: epo ni nǹkan ọ̀hún, kì í ṣe ọtí.

"Epo àbùlà" dùn létí, àmọ́ ẹ̀sùn ló gbé pọ̀n. Ẹlẹ́mu tó bomi la ẹmu ló ń ta àbùlà. Àwọn ará Bràsíl kò yọ́ ọ ṣe: láti 1975 ni ìjọba wọn ti gbé ètò ẹtánọ́ọ̀lù inú ìrèké kalẹ̀, òfin ló sì ń sọ iye tí wọn yóò bù sí epo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ mi kọ̀, kò jí. Mẹkáníìkì mi ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta níbí, tú kábúrétọ̀ rẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tó sùn sómi. Ó bu epo náà sínú ìgò tó mọ́ gaara, ó da omi díẹ̀ sí i, ó fi bírò fàlà síbi tí omi dé, ó wá mì ín. Nígbà tó tòrò, omi ìsàlẹ̀ ti ga kọjá ìlà. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, epo yín mutí! Bó ṣe rómi báyìí, ọtí fi epo sílẹ̀, ó bómi lọ."

Níbẹ̀ ni mo ti rí "epo ọlọ́tí", bí a ṣe ń sọ pé omi oníyọ̀. Ó lè jọ epo tí ìyá ọlọ́tí ń tà, ṣùgbọ́n ta ló ń wá ìyá ọlọ́tí lọ sílé epo? Ẹtánọ́ọ̀lù tí wọn ò pò mọ́ nǹkan kan, ká pè é ní "epo ọtí".

Mẹ́tánọ́ọ̀lù, májèlé tó jọ ẹtánọ́ọ̀lù, ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é lọ́tí. Òun ló wà nínú bẹntiróò tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà ní 2022 tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi figbe ta. Òun náà ló wà nínú ògógóró tó pa èèyàn ní ìpínlẹ̀ Òǹdó ní 2015. Omi inú ìgò mẹkáníìkì kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, torí náà orúkọ ló gbọ́dọ̀ yà wọ́n. Ẹni tó bá ní orúkọ tó bani lẹ́rù fún un, kó mú un wá.