Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́: ṣé kí ọmọ gbà á lọ UNILAG, àbí kó lọ kọ́ṣẹ́?

Ìyá Táyé, Múṣin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ wa gba ìwé ìgbaniwọlé sí UNILAG, Accounting ni wọ́n fún un. Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀: kó gba ẹ̀yáwó ìjọba, NELFUND, tàbí kó lọ kọ́ṣẹ́ iná àti sólà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Aláàbà, ọdún méjì. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ òun kò ní fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ ayé, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń san tiwọn títí irun fi ń funfun. Èló gan-an ni gbèsè yìí máa jẹ́ bó bá fi máa jáde? Ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á? Bí kò bá ríṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáhùn, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Aṣírò Yábàá

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ti Amẹ́ríkà kúrò níbẹ̀. Gbèsè akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn lé ní tírílíọ̀nù dọ́là kan àti ààbọ̀, èlé sì wà lórí ẹ̀. Ẹlòmíì á san án fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye tó kù á tún ju iye tó yá lọ. Ti NELFUND kò ní èlé rárá. Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin 2024 ló wà nídìí ẹ̀. Òfin 2023 tí èyí rọ́pò ló ní kí ọmọ wá oníduùró, kí owó tó ń wọlé fún ìdílé má sì kọjá ₦500,000 lọ́dún. Ìyẹn ti lọ.

Apá méjì ni owó náà ní, ibẹ̀ sì ni òbí kì í wò dáadáa. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò yunifásítì, ọmọ kò ní fojú kàn án. Owó ìgbọ́bùkátà, ₦20,000 lóṣù, ló ń wọ àkáǹtì ọmọ. Àwọn ọmọ ń pè é ní aláwì, wọ́n sì ń ná an bí aláwì. Ẹ̀bùn kọ́ o, gbèsè ni bíi ti èkíní.

Ó yá, ìṣírò. Ká ní owó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ₦150,000 lọ́dún. Ọdún 4, ₦600,000. Ká ní wọ́n san ìgbọ́bùkátà oṣù 10 nínú ọdún: ₦200,000, lọ́dún 4 ó di ₦800,000. Àpapọ̀, ₦1,400,000. Ẹ ò rí i bí? Owó oúnjẹ àti ọkọ̀ ju owó ìwé fúnra rẹ̀ lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan bẹ̀rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ á máa yọ 10% nínú owó oṣù kó tó dọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá ń gba ₦150,000, ₦15,000 ni wọ́n ń yọ, oṣù 94 ló máa fi san tán, ìyẹn nǹkan bí ọdún 7 àti oṣù 10. Bó bá jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló yá, oṣù 40 péré. Ẹ má sì gbàgbé pé náírà kì í dúró lójú kan. Ẹni tó bá rántí iye tí dẹ́ríkà ìrẹsì kan jẹ́ ní 2015 á mọ̀ pé ₦15,000 tí ọmọ máa san lọ́dún mẹ́wàá òní kò ní wúwo bíi ti òní. Ẹni tó yá owó tí kò ní èlé ni àyípadà yẹn ń ṣe lóore.

Bí kò bá ríṣẹ́, á lọ búra nílé ẹjọ́ pé òun kò níṣẹ́, owó kankan kò sì wọlé fún òun, á fi ìwé ìbúra náà tọrọ pé kí wọ́n sún un síwájú. Kó má purọ́ níbẹ̀ o, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni òfin kọ sí i. Bó bá dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, 10% èrè ni. Bí ikú bá sì dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, òfin fàyè gbà á kí wọ́n fagi lé gbèsè náà.

Ọ̀gá Káfẹ̀, Akoka

Ìṣírò yẹn dán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ kò débẹ̀, orúkọ ló ń dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

NIN, BVN àti JAMB gbọ́dọ̀ bára mu: orúkọ àti ọjọ́ ìbí. "Oluwaseun" á wà lórí NIN, "Seun" á wà ní báńkì, orúkọ bàbá á ṣíwájú níbì kan, á kẹ́yìn níbòmíì. Àwa Yorùbá tí a ní orúkọ mẹ́rin-márùn-ún ni èyí ń bá jà jù. NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí òun ni àwọn yòókù ń wò. Láti 2025, àtúnṣe orúkọ lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, jẹ́ ₦2,000, ti ọjọ́ ìbí jẹ́ ₦28,574, ẹ máa nílò ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ NPC, àjọ ètò ìkànìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ báńkì fún BVN. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà kéèyàn yí ọjọ́ ìbí padà lórí BVN, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ti màmá tàbí ti ẹ̀gbọ́n sí i.

Bí pọ́tálì, ìkànnì tí ẹ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó, bá ní òun kò mọ ọmọ náà, ẹ má tíì bú NELFUND. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́. Bí wọn kò bá tíì fi tàwọn ọmọ ọdún kìíní ránṣẹ́, kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tó máa ṣí. Ẹ ya àwòrán ohun tó kọ sójú fóònù, kí ọmọ gbé e lọ bá àwọn tó ń mójú tó ẹ̀yáwó nínú ọgbà.

Ọdọọdún ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ o. Ti ọdún tó kọjá kì í ru ara rẹ̀ wọ ọdún tuntun. Fọ́ọ̀mù kò gba kọ́bọ̀, ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun lè "bá yín tì í", ẹ sá fún un. Yunifásítì aládàáni kò sí nínú ètò yìí.

Wáyà Aláàbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ ọwọ́, torí àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀fẹ́ ni. Owó ìkọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, owó òmìnira wà, irinṣẹ́ wà: mítà tí ń gbá wáyà mú, ẹ̀rọ ìlulẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń di ẹnu wáyà. Ìyẹn kọ́ ló ń pa ọmọ lára jù, ohun tí ọ̀gá kò kọ́ ọ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ sólà lo ọdún méjì lórí òrùlé, pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń gbé.

Ẹ bi ọmọṣẹ́ tó ti fẹ́ gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn ní ìbéèrè yìí: bátìrì lítíọ́ọ̀mù 48V, 200Ah, wákàtí mélòó ló máa fi gbé ẹrù 800W? Ìdáhùn: 48 lọ́nà 200 jẹ́ 9,600Wh, ìyẹn iye iná tó wà nínú ẹ̀, bí a bá lo 80% rẹ̀, 7,680Wh, pín in sí 800, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 9 àti ààbọ̀, inverter fúnra rẹ̀ á sì jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Bó bá ń wo òkè, ẹ wá ọ̀gá mìíràn.

Ohun tí Aṣírò kò fi kún un ni àkókò. Ní 2022, oṣù 8 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2024, ìjọba Èkó sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦85,000. Ká ní ọmọ ń gba iye yẹn níbi iṣẹ́, oṣù 8 tó ṣòfò jẹ́ ₦680,000. Ó ju gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún 4 tí ẹ ṣírò lókè lọ! Bàbá Táyé ń bẹ̀rù gbèsè, èmi ọdún tó ń ṣòfò ni mo máa bẹ̀rù. Bí ìdáṣẹ́sílẹ̀ bá dé, kí ọmọ má jókòó sílé, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Táyé, Múṣin

Ẹ ṣé gan-an ni. Bó bá lọ, ilé ló ti máa máa lọ, kò ní gba hostel. Ṣé kó má gba ₦20,000 yẹn rárá ni?

Aṣírò Yábàá

Wáyà, òótọ́ lẹ sọ, mo gbà.

Màmá, ká ní àlọ àtàbọ̀ Múṣin sí Ojúẹlẹ́gba, sí Yábàá, dé géètì jẹ́ ₦1,000. Ọjọ́ 22 lóṣù, ₦22,000. Ọkọ̀ ti jẹ ẹ́ tán kó tó fi ẹnu kan oúnjẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá lè gbé owó ọkọ̀, kó yá owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan lọ́dún kìíní. Bí apá kò bá ká a mọ́, ọdún tó tẹ̀ lé e á lè béèrè fún un, torí ọdọọdún ni fọ́ọ̀mù. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kó gbà á. Ó sàn ju kó máa yá owó ṣógúndogójì lórí fóònù lọ, àwọn tó máa ń fi orúkọ èèyàn ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún fi ICAN, ẹgbẹ́ àwọn aṣírò owó tó ń ṣe ìdánwò fún wọn, sọ́kàn. Ìwé-ẹ̀rí Accounting nìkan kì í gbéni jìnnà ní Èkó, owó ìdánwò ICAN kò sì sí nínú ẹ̀yáwó yìí. Ẹ máa tọ́jú tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún kejì.

Ìkan ló kù. Owó NELFUND lè pẹ́ kó tó dé, ilé-ẹ̀kọ́ sì lè fẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá owó náà san, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Bí ti NELFUND bá wọlé, kí ọmọ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì bọ́sà, àwọn tó ń mójú tó owó ilé-ẹ̀kọ́, kó so rìsíìtì mọ́ ọn, kí wọ́n dá tiyín padà tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Kó gba ẹ̀dà lẹ́tà náà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí padà.