MRI ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn: èérún dísìkì ni àbí gbòǹgbò iṣan méjì tó lẹ̀ pọ̀?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrora ń ti ìdí ọ̀tún sọ̀kalẹ̀ dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ aláìsàn kan. Lórí axial T2 (àwòrán MRI tó gé ara ní ìbú, tí omi ti ń tàn funfun), nǹkan kan wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò omi ọ̀pá ẹ̀yìn ní L5-S1 (ibi tí eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn karùn-ún ti pàdé eegun ìdí àkọ́kọ́), lápá ọ̀tún nìkan. Èsì àyẹ̀wò ní èérún dísìkì ni (ègé tó já lára àwo rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn), àmọ́ lórí sagittal (àwòrán tí a wò láti ẹ̀gbẹ́), dísìkì yẹn ò yọ síta rárá. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá gbòǹgbò iṣan (nerve, èyí tó ń gbé ìmọ̀lára) L5 àti S1 ló jọ wà nínú awọ kan?

Ìdáhùn 1
Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀. Lórí T2, èérún dísìkì sábà máa ń dúdú ju omi ọ̀pá ẹ̀yìn lọ. Àwọ̀ gbòǹgbò tó lẹ̀ pọ̀ máa ń bá ti àpò omi náà mu, ẹ sì lè rí fọ́nrán iṣan nínú rẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀tún wé òsì: igun iwájú àpò á nà jáde lápá kan ju èkejì lọ, ọ̀nà tí iṣan ń gbà láàárín eegun níbẹ̀ sì lè fẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Èérún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kì í mú ọ̀nà inú eegun yẹn fẹ̀.

Coronal (àwòrán tí a wò láti iwájú) ló máa ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí jù. Ẹ ní kí wọ́n ya T1 coronal (T1 ni irú èyí tí ọ̀rá ti ń tàn funfun), kí ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó 3 mm, kó tẹ̀ lé ìtẹ̀sí ọ̀pá ẹ̀yìn láti L4 dé S2. Ẹ ó rí ibi tí iṣan méjèèjì ti jọ jáde kí wọ́n tó pínyà.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe gé axial náà. Bí wọ́n bá gé e lójú dísìkì nìkan, wọ́n ti fo ibi tí gbòǹgbò ti ń kúrò lára àpò. Kí wọ́n gé e láìfo ibì kan, 3 sí 4 mm, láti L3 dé S1. Ẹ ka eegun dáadáa pẹ̀lú. Bí eegun L5 bá lẹ̀ mọ́ sacrum (eegun ìdí), ó rọrùn láti fi nọ́ńbà iṣan kan pe òmíràn.

Ẹni tó béèrè
Ṣé gadolinium (oògùn tí wọ́n ń fún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí àwòrán lè tàn) pọn dandan?

Ìdáhùn 1
Rárá, àfi tí coronal ò bá là á yé wa. 0.1 mmol fún kílò kan ìwọ̀n ara ni, kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò ná. Etí èérún dísìkì á tàn, àárín rẹ̀ ò ní tàn. Bó bá tàn látinú wá, ẹ fura sí schwannoma (kókó tó ń hù lára iṣan).

Ìdáhùn 3
Bó bá tiẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò tó lẹ̀ pọ̀, ìyẹn nìkan ò sọ pé òun ló ń fa ìrora. Ẹ wo ihò L5-S1 (ibi tí iṣan L5 ń gbà jáde) lórí sagittal T1: ọ̀rá funfun gbọ́dọ̀ yí iṣan L5 ká. Bí ọ̀rá yẹn bá ti pòórá, nǹkan ń tẹ̀ ẹ́, ó sì lè jẹ́ dísìkì tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ gbangba sínú èsì pé gbòǹgbò lẹ̀ pọ̀. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ kì í sún bọ̀rọ̀. Bí oníṣẹ́ abẹ ò bá mọ̀, tó fà á, ó lè ya.